Ilé màlúù oníwàrà: àwọn ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi wá nípa bá a ṣe ń kọ́ ọ kó mọ́, kó sì tu màlúù lára

Látìgbà táwọn ìpínlẹ̀ wa ti ń ṣòfin lórí dída màlúù kiri, Èkìtì lọ́dún 2016, Ọ̀yọ́ lọ́dún 2019, Oǹdó àti Èkó lọ́dún 2021, ìbéèrè nípa ilé màlúù ò jẹ́ ká sinmi mọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló jọra, la bá kó wọn jọ síbí. Ti màlúù tẹ́ ẹ fẹ́ máa fún wàrà rẹ̀ la ń sọ o, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fẹ́ bọ́ sanra kẹ́ ẹ tà fún alápatà, torí ìyẹn lè fara da ọ̀pọ̀ nǹkan tí oníwàrà ò lè fara dà.

Ṣé dandan ni ilé ni? Ṣebí abẹ́ igi làwọn Fúlàní ń so tiwọn mọ́, wọ́n sì ń rí wàrà fún.

Abẹ́ igi ò burú o, kò sẹ́ni tó ń bú u. White Fulani, màlúù funfun oníwo gígùn tá a mọ̀ bí ẹni mowó yẹn, tó ń fúnni ní lítà kan sí méjì lójúmọ́, abẹ́ igi ti mọ́ ọn lára. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ra èyí tí wọ́n ti fi Friesian tàbí Jersey, màlúù oníwàrà ilẹ̀ òyìnbó, gùn, tẹ́ ẹ wá ń retí lítà mẹ́wàá, méjìlá. Màlúù tó bá máa ṣe wàrà tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun gan-an, oúnjẹ tó ń dà níkùn rẹ̀ yẹn nìkan ti tó láti mú ara ẹ̀ gbóná ká tó wá sọ ti oòrùn. Friesian fẹ́ kí ojú ọjọ́ wà láàárín 5 sí 25 Celsius, ẹ wá ro bí ọ̀sán wa ṣe máa ń rí lóṣù February sí March. Tójò bá tún dé, abẹ́ igi yẹn á di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, màlúù á dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọmú, ẹ̀yin náà ẹ wá máa wá owó dókítà ẹranko kiri.

Kí ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó pe bíríkìlà?

Pé màlúù fẹ́ dùbúlẹ̀. Ó lè jọ ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ létí yín àmọ́ gbogbo ohun tá a máa sọ nísàlẹ̀, orí ẹ̀ ló dúró lé. Màlúù oníwàrà tára tù máa ń fi nǹkan bíi wákàtí 12 dùbúlẹ̀ nínú wákàtí 24, kì í ṣe pé oorun ló ń sùn ní gbogbo ìgbà yẹn, ó kàn wà ńlẹ̀ ni, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, ẹ̀jẹ̀ ń lọ sínú ọmú ju ìgbà tó dúró lọ, pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ náà sì ń sinmi, ó ń gbẹ. Tí ò bá ríbi tó dáa dùbúlẹ̀ sí á dúró ni, á dúró títí ẹsẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, màlúù tẹ́sẹ̀ ń dùn ò sì ní rìn lọ sídìí oúnjẹ, ibi tí wàrà ti ń lọ sílẹ̀ nìyẹn, tẹ́ ẹ̀ ń bínú pé ẹni tó ta á fún yín ló rẹ́ yín jẹ.

Ẹ lọ síbẹ̀ ní bí agogo mọ́kànlá àárọ̀, nígbà tí wọ́n ti jẹun yó tí kò sẹ́ni tó ń yọ wọ́n lẹ́nu, kẹ́ ẹ dúró jẹ́ẹ́. Tó bá jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù ló dùbúlẹ̀, ó dáa nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá rí àwọn tó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé orí ibùsùn, tí tẹ̀yìn ṣì wà nínú ìgbẹ́, tí wọ́n kàn dúró gbagidi báyẹn, ibùsùn yẹn ló ní wàhálà, kì í ṣe màlúù.

Apá ibo nínú ilẹ̀ mi ni kí n kọ́ ọ sí?

Ibi tó ga díẹ̀ tómi ò ní dúró sí. Kí gígùn ilé náà lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn lè máa gba orí òrùlé kọjá, kó má máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èyí ò náni ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ òun gan-an làwọn èèyàn kì í ṣe, torí wọ́n fẹ́ kílé kọjú sí títì káwọn tó ń kọjá lè rí i. Ẹ fi títì sílẹ̀ jàre.

Ti atẹ́gùn náà ṣe pàtàkì. Lọ́dọ̀ wa níbí, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá lọ́pọ̀ oṣù nínú ọdún, ìgbà ọyẹ́ nìkan ló máa ń ti àríwá ìlà oòrùn wá, á wá kó eruku dání. Torí náà ẹ má gbẹ́ kòtò ìgbẹ́ síbi tí atẹ́gùn á ti máa gbé òórùn ẹ̀ bá ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé tàbí ibi tẹ́ ẹ ti ń fún wàrà, ẹ má sì fi stóò tàbí ilé adìẹ dí iwájú ilé màlúù lápá tí atẹ́gùn ti ń wá. Kòtò yẹn gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga tó 30 mítà ó kéré tán, kó sì wà lápá ibi tí ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju ti kànga lọ, kì í ṣe lókè ẹ̀.

London ni mò ń gbé, mo fẹ́ kọ́ irú èyí tí mo rí níbí sí Ìsẹ́yìn. Ṣé mo lè fi plan rẹ̀ ránṣẹ́?

Ẹ fi ránṣẹ́, a máa wò ó, àmọ́ ògiri inú ẹ̀ la máa kọ́kọ́ fi bírò fagi lé. Lọ́hùn-ún wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa dín atẹ́gùn òtútù kù nígbà ọ̀gìnnìtìn, àní àwọn gan-an ò di ilé màlúù pa mọ́ bíi ti àtijọ́ mọ́. Níbí, ẹni tó bá mọ ògiri búlọ́ọ̀kù kan òrùlé fún màlúù, ààrò ló mọ. Òpó àti páìpù tó tó, kò sógiri. Tójò bá ń fẹ́ wọ apá kan jù, ẹ mọ ògiri tí ò ju mítà kan lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi tapólì tẹ́ ẹ lè ká sókè sí ìyókù.

Owó tẹ́ ẹ máa fi mọ ògiri, ẹ fi gbé òrùlé sókè. Etí òrùlé níbi tó kéré jù, kó tó mítà mẹ́ta àbọ̀ sílẹ̀, kó yọ síta tó mítà kan kí òjò má bàa ta wọlé. Orí òrùlé lókè pátápátá níbi tí páànù méjèèjì ti pàdé, ẹ má dì í pa. Ẹ dá a sí, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ríbi jáde. Ìṣirò rẹ̀ ni pé fún mítà mẹ́ta-mẹ́ta tílé fi fẹ̀, kí àlàfo yẹn fi 5 sẹ̀ǹtímítà ṣí, tílé bá fẹ̀ tó mítà 12, àlàfo 20 sẹ̀ǹtímítà nìyẹn. Káfíńtà yín á pariwo pé òjò máa wọlé, ẹ ní kó gbé páànù kékeré kan gùn ún lókè díẹ̀, ó parí. Páànù tó ń dán ló dáa o, èyí tó ti dípẹtà tó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú máa ń gba ooru mọ́ra ni, á sì máa tú u lé màlúù lẹ́yìn látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ibùsùn màlúù kan, báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó?

Kẹ́ ẹ tó wọn nǹkan kan, ẹ lọ wo màlúù tó fẹ́ dìde. Kì í dìde bíi ti ẹṣin. Orúnkún iwájú méjèèjì lá kọ́kọ́ fi kúnlẹ̀, á wá ju orí síwájú gan-an, orí tó jù síwájú yẹn ló máa fi rí agbára gbé ìdí sókè, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á nà tán kó tó wá gbé tiwájú lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Àlàfo tó máa ju orí sí yẹn, ó tó nǹkan bíi 70 sẹ̀ǹtímítà sí mítà kan níwájú imú ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ògiri lẹ kọ́ síbẹ̀, á máa gbìyànjú láti fi ẹ̀gbẹ́ dìde, á máa fi egungun ìbàdí gbá irin, tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó máa pa ibùsùn yẹn tì ni, á lọ sùn sójú ọ̀nà nínú ìgbẹ́, wọ́n á ní ọ̀bùn ni.

Fún Friesian tó ti gbó dáadáa, kí ibùsùn fẹ̀ tó 1.2 mítà, kó gùn tó 2.4 mítà tó bá jẹ́ pé iwájú ẹ̀ ṣí, tàbí 2.7 mítà tó bá jẹ́ ògiri ló wà níwájú. Jersey kéré sí i, 1.1 mítà níbùú tó o. Irin tó dábùú lókè ọrùn, tí ò ní jẹ́ kó wọlé jìnnà kó má bàa yàgbẹ́ sórí ibùsùn, kó wà ní nǹkan bíi 1.2 mítà sókè. Àwọn àdàlù tiwa, ìyẹn àwọn tí wọ́n fi Friesian tàbí Jersey gùn, kì í rí bákan náà, torí náà ẹ wọn màlúù tó tóbi jù nínú tiyín kẹ́ ẹ fi ṣe, ẹ má fi ti ìwé nìkan ṣe é.

Àmọ́ tó bá jẹ́ White Fulani pẹ̀lú ìwo rẹ̀ yẹn lẹ ní, mi ò ní gbà yín níyànjú kẹ́ ẹ dá ibùsùn onírin sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwo á há sírin, á sì tún gún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fún wọn ní gbàgede kan lábẹ́ òrùlé, kí ti màlúù kan tó 6 sí 8 square mítà, kẹ́ ẹ tẹ́ nǹkan gbígbẹ sílẹ̀ síbẹ̀ lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ máa ṣa èyí tó bá tutù kúrò, kí wọ́n máa yan ibi tó wù wọ́n. Ó rọrùn, kò gbówó wẹ́dà, wọ́n sì fẹ́ràn ẹ̀ ju irin lọ.

Kí ni kí n tẹ́ sílẹ̀? Wọ́n ní kí n ra ẹní rọ́bà.

Ẹní rọ́bà nìkan ò tó, torí omi àti ìtọ̀ máa ń dúró lórí ẹ̀. Yanrìn odò ló dáa jù lójú tèmi, kó má ní òkúta nínú, kó ki tó 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà, kẹ́ ẹ mọ etí kékeré sẹ́yìn ibùsùn kó má bàa ṣàn lọ. Ìdí tó fi dáa ni pé kòkòrò àrùn ò rí nǹkan jẹ nínú yanrìn, omi ń gba inú ẹ̀ kọjá, ó tutù nígbà ooru, ó sì bá ara màlúù mu tó bá dùbúlẹ̀. Aburú ẹ̀ ni pé ó máa ń dí gọ́tà, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe biogas, gáàsì ìdáná tó ń jáde látinú ìgbẹ́, ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó wọnú kòtò.

Tí yanrìn bá jìnnà sí yín, èèpo ìrẹsì dáa, àwọn tó wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì lè rí i kó. Ìyẹ̀fun pákó láti sọ́míìlì náà ṣe é lò àmọ́ kó gbẹ táútáú. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là tó ṣì tutù, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Klebsiella fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, tó bá gba orí ọmú wọlé, mastitis tó máa fà kì í ṣe kékeré, ọmú á wú, á le, wàrà á di omi.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ibùsùn yín dáa, ẹ wọ ṣòkòtò kẹ́ ẹ já orúnkún méjèèjì sílẹ̀ lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá dùn yín, ó le jù. Tí orúnkún ṣòkòtò bá rin nígbà tẹ́ ẹ dìde, kò gbẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í fẹ́ ṣe é, wọ́n á ní kí ọmọṣẹ́ bá àwọn ṣe é.

Ilẹ̀ ńkọ́? Kọnkéré ni bíríkìlà wa sọ.

Kọnkéré ni, àmọ́ ẹ dúró tì í lọ́jọ́ tó máa ṣe é. Pálọ̀ ló mọ̀ ọ́n ṣe, tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ á fi tráwẹ̀lì fá a títí á fi máa dán, màlúù á sì máa yọ̀ ṣubú lórí ẹ̀. Kí ilẹ̀ tí wọ́n ń rìn lé ní ìlà, ìlà tó jin sẹ̀ǹtímítà kan tó sì fẹ̀ sẹ̀ǹtímítà kan, kí ọ̀kan sì máa jìnnà sí èkejì tó nǹkan bíi 8 sẹ̀ǹtímítà, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ nígbà tí kọnkéré ṣì tutù. Tó bá ti gbẹ tán, ìyọnu gidi ni. Kó dagun díẹ̀ lọ sápá gọ́tà, sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta fún mítà kọ̀ọ̀kan ti tó.

Ọ̀nà tó wà lẹ́yìn ibi ìjẹun, kó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin, kí èyí tó fẹ́ kọjá má bàa kọ lu èyí tó ń jẹun. Màlúù náà ní ọ̀gá láàárín ara wọn o, èyí tó kéré kì í gba ojú ọ̀gá kọjá, tí ọ̀nà bá fún á kúkú dúró sẹ́yìn lebi. Kí màlúù kọ̀ọ̀kan ní 60 sí 70 sẹ̀ǹtímítà nídìí oúnjẹ, kí gbogbo wọn lè jẹun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tẹ́ ẹ̀ ń da oúnjẹ sí nìkan ló yẹ kó dán nínú ilé yẹn.

Ẹ̀ẹ̀mélòó la máa ń kó ìgbẹ́ lóòjọ́?

Ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán, ìgbà tí wọ́n bá lọ fún wàrà wọn ló rọrùn jù. Ẹ má kóyán ẹ̀ kéré, màlúù tó wọn 400 kilo, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹ̀ lè tó 30 kilo lójúmọ́, tẹ́ ẹ bá ní mẹ́wàá 300 kilo nìyẹn, lójoojúmọ́, Sunday àti ọdún Iléyá ò yọ ọ́ sílẹ̀. Torí ẹ̀ la ṣe máa ń sọ pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí bárò lè gba ọ̀nà yẹn já tààrà láìyà sí kọ̀rọ̀ kankan. Tí kò bá rọrùn fún ọmọṣẹ́ láti kó, kò ní kó o. Ẹ kó o jìnnà sílé, ẹ bò ó, lẹ́yìn náà ẹ fi sí oko àgbàdo tàbí kóríko elephant tẹ́ ẹ gbìn fún wọn.

Eṣinṣin fẹ́ lé wa kúrò lóko. Oògùn wo la lè fín?

Oògùn á pa ti òní, ti ọ̀la ń bọ̀. Nínú ooru tiwa, ẹyin eṣinṣin lè di eṣinṣin láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, torí náà ibi tó ń yé e sí lẹ máa kọlù: abẹ́ ọpọ́n omi, oúnjẹ tó ti kan ní kọ̀rọ̀, àti ibi tí wọ́n ń so ọmọ màlúù mọ́. Ti eégbọn yàtọ̀, dókítà ẹranko ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́.

Omi ńkọ́?

Kó pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Àdàlù tó ń fún yín ní lítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè mu 60 sí 80 lítà lójúmọ́, nínú ooru á tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí màlúù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti fún wàrà rẹ̀ ló máa ń mu jù, torí náà ẹ gbé ọpọ́n ńlá kan sójú ọ̀nà tó ń gbà bọ̀. Ẹ máa fọ ọpọ́n lójoojúmọ́, tí ẹ̀yin ò bá lè fi ọwọ́ bu mu nínú ẹ̀, ẹ dà á nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣètò omi kẹ́ ẹ tó ra màlúù, a ti rí ẹni tó ra màlúù tán tó wá ń fi jẹ́ríkàánù pọnmi.

Ṣé ó yẹ kí n ra fáànù?

Tí òrùlé bá kúrú tí ògiri sì dí i, fáànù ò ní ṣe nǹkan kan ju kó máa da ooru kiri lọ. Tí ilé bá ti ṣí dáadáa, tẹ́ ẹ sì ní sólà, ẹ lè gbé e síbi tí wọ́n ti ń dúró de ìfúnwàrà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún mọ́ra wọn jù. Ẹ ka bí ìhà màlúù ṣe ń sọ kúlúkúlú: tó bá ti ju èémí 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ooru ti mú un. Omi tútù lẹ́yìn pẹ̀lú fáànù máa ń ṣiṣẹ́ gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ kó má ṣàn dé ọmú. Nígbà òjò tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, fífín omi wínníwínní sókè ò wúlò, ẹ̀ ń fi rin ibùsùn lásán ni.

Tí wọ́n bá ti fún wàrà tán, ṣé kí wọ́n lọ sùn?

Rárá o. Ihò orí ọmú ṣì ṣí sílẹ̀ fún nǹkan bíi ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí wọ́n bá fún un tán, tó bá lọ dùbúlẹ̀ nígbà yẹn ó ti ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò nìyẹn. Ẹ da oúnjẹ tuntun sílẹ̀ dè é kó lè dúró jẹun. Èyí ṣe pàtàkì gan-an fáwọn tó ń ta wàrà fún ilé iṣẹ́, torí wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ ìyá oníwàràkàṣì náà ò fẹ́ wàrà ọmú wíwú.

Ọmọ màlúù, ṣé kó wà pẹ̀lú àwọn ìyá?

Ibi ìbímọ gbọ́dọ̀ dá wà, mítà mẹ́ta sí mẹ́rin níbùú àti lóòró, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ ohun tẹ́ ẹ tẹ́ síbẹ̀ lẹ́yìn màlúù kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ mu wàrà àkọ́kọ́ tó ki yẹn láàárín wákàtí méjì, kó má ju mẹ́fà lọ, kó tó ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n ara ẹ̀, ọmọ tó bá wọn 30 kilo, lítà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà kí kálukú ní àyè tiẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó gbẹ, tó jìnnà sí ìgbẹ́ àwọn àgbà.

Mo ní ilé adìẹ tí mi ò lò mọ́. Ṣé mo lè kó màlúù sí i?

Oúnjẹ adìẹ tó gbówó lórí ti jẹ́ ká gbọ́ èyí léraléra. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni gíga, òrùlé ilé adìẹ kì í ga, ooru á mú wọn níbẹ̀ ju ìta lọ. Tí etí òrùlé ò bá tó mítà méjì àbọ̀, ẹ má dà á láàmú, ẹ fi kó oúnjẹ àti èèpo ìrẹsì pa mọ́, tàbí kẹ́ ẹ fi ṣe ti àwọn ọmọ. Tó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ nẹ́ẹ̀tì, ẹ wó ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ ṣí orí òrùlé lókè bá a ṣe sọ, kẹ́ ẹ wá wo ilẹ̀ rẹ̀: kọnkéré ilé adìẹ fẹ́lẹ́, màlúù á fọ́ ọ, torí náà ẹ da tuntun lé e tó nípọn 10 sẹ̀ǹtímítà kẹ́ ẹ sì fa ìlà sí i. Àwọn òpó náà, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà wò wọ́n, torí màlúù máa ń fi ara họ òpó, òpó tó gbé adìẹ ró lè má gba ti màlúù.